Iṣẹ́ Ta Ni Ẹ̀rọ Gbà? Àgbéyẹ̀wò Àwọn Olórin Tó Pààrọ̀ Ohùn

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó ní Dakace, ní ẹ̀gbẹ́ Zaria, níbi tí ilé iṣẹ́ ńláńlá ti bá oko pààlà, kíbọ́ọ̀dù ló máa ń kọ́kọ́ kan ènìyàn létí kó tó gbúròó kàlàngú, ìlù àwọn Haúsá, bí kàlàngú bá tilẹ̀ wà níbẹ̀. DJ á ti kó orin sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà alágbèéká, á so ó mọ́ sípíkà tó ga ju ọmọdé lọ, ohùn ọkùnrin àti ti obìnrin á sì máa dá ara wọn lóhùn lórí ìlù tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lù. Orin fiyano ni àwọn Haúsá ń pè é. Ní Sabon Gari Zaria, níbi tí àwọn Yorùbá ti fìdí kalẹ̀ láti ayé rélùwéè, òde àríyá tó bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà lè jẹ́ ti fújì. Kíbọ́ọ̀dù á wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ àwọn onílù á tò lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun èlò kan náà ni. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ní ibi méjèèjì kò jọra rárá.

Ìyàtọ̀ yìí ló yẹ kí ènìyàn fi sọ́kàn nígbàkúùgbà tí olórin tí a mọ̀ mọ́ ohùn kan bá gbé àwo tuntun jáde tí ohùn náà sì yí padà. Àríyànjiyàn tó máa ń tẹ̀lé e kì í yàtọ̀. Apá kan á ní, "Òun kọ́ la gbọ́ yìí o, òyìnbó ti gbà á lọ́wọ́ wa." Apá kejì á dáhùn pé ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Wọ́n ja ìjà yìí lórí King Sunny Adé ní 1984, wọ́n jà á lórí Shina Peters ní 1989, wọ́n sì tún jà á lórí Asake ní 2024. Èrò àgbéyẹ̀wò yìí ni pé ohun tí apá méjèèjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kò lè mú ẹnikẹ́ni débì kan. Ìbéèrè tó wúlò ni èyí: nígbà tí ẹ̀rọ wọ agbo, iṣẹ́ ta ló gbà?

Kí á kọ́kọ́ mú irọ́ kan kúrò lọ́nà. Kò sí jùjú kan tó wà láti ìwáṣẹ̀ tí iná mànàmáná wá bà jẹ́. Bánjò, ìlù pẹlẹbẹ kékeré àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni Tunde King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń kọrin ní Èkó ní àwọn ọdún 1930. Gángan kò sí nínú agbo náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan wọlé, ní àkókò kan náà tí ẹ̀rọ amóhùnbúǹkún wọlé: ní 1949 ni Ayinde Bakare so gìtá rẹ̀ mọ́ iná. Nǹkan méjèèjì kò ṣèèṣì pàdé. Bí ohùn gìtá àti ti olórin kò bá lágbára, gángan kan ṣoṣo ti tó láti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ló jẹ́ kí àyè gba ìlù púpọ̀. I.K. Dairo tún fi àkọ́díọ̀nù kún un, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ẹni tó bá ń sọ pé iná mànàmáná ló lé ìlù kúrò nínú jùjú ti gbàgbé pé iná náà ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọ̀rọ̀ Sunny Adé gba àlàyé. Lẹ́yìn tí Bob Marley kú ní 1981, ilé iṣẹ́ Island Records ní London ń wá ẹlòmíràn tí wọn yóò gbé yí ayé ká, ojú wọn sì bọ́ sára ọmọ Oǹdó yìí. Àwo mẹ́ta ló ṣe fún wọn: Juju Music ní 1982, Synchro System ní 1983 àti Aura ní 1984. Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bá a ṣètò wọn. Nílé, ojú kan àwo Sunny lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tó ń ṣàn lọ títí ojú àwo á fi tán, tó ń ti orí òwe bọ́ sórí àdúrà, tó ń ti orí àdúrà bọ́ sórí orúkọ ọlọ́lá. Island gé wọn kúrú. Ìyẹn nìkan ti tó ìyípadà, ṣùgbọ́n nínú Juju Music ẹ̀rọ kò tíì gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Gángan ń sọ̀rọ̀, àwọn gìtá ń hun mọ́ ara wọn, gìtá Hawaii tí Demola Adepoju ń ta ń ké lókè. Synthesizer kàn ń tọ́ wọn lẹ́yìn ni. Synchro System fi díẹ̀ kún ti ẹ̀rọ, ó sì gbé orúkọ Sunny wọ ìwé àwọn tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn Grammy.

Aura ló dá wàhálà sílẹ̀. Stevie Wonder fọn hamóníkà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ìlù sì gúnwà sí àárín agbo. Ẹni tó bá fetí sí i dáadáa á gbọ́ pé gángan kò dákẹ́. Ẹni tó ń darí gángan ló yí padà. Nínú agbo jùjú, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ń di ìwọ̀n ìlù mú. Agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àkúbà àti gángan jọ ń fà á láàárín ara wọn ni, ọ̀gá á sì fi ojú tàbí ọwọ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra tàbí kí wọ́n yára. Bí olówó kan bá wọlé lójijì, agbo á yà sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárín gbólóhùn kan. Ẹ̀rọ ìlù kì í wo ojú ọ̀gá, kò sì rí ẹni tó wọlé. Nígbà tó gba iṣẹ́ dídi ìwọ̀n mú, gbogbo ẹgbẹ́ tó lé ní ènìyàn 15 di ẹni tó ń tẹ̀lé e.

Aura kò burú o. Àwọn ibì kan wà nínú rẹ̀ tó dùn wọ eegun. Ṣùgbọ́n kò tà tó bí Island ti retí, wọ́n sì já a sílẹ̀. Sunny padà sílé, sídìí àwo gígùn àti òde ìnáwó. Kò ju ẹ̀rọ náà nù. Ó kàn dá a padà sẹ́yìn, síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ti Fela tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ohùn rẹ̀. Ìjọba ológun Buhari jù ú sẹ́wọ̀n ní 1984 lórí ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè. Ó ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n nígbà tí wọ́n gbé Army Arrangement fún Bill Laswell, ará Amẹ́ríkà, pé kó tún un ṣe fún ọjà òkèèrè. Laswell pe Sly Dunbar láti Jàmáíkà sídìí ìlù oníná, ó sì pe Bernie Worrell sídìí kíbọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀, nínú ẹgbẹ́ Fela, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ ọ̀gá gan-an ni wọ́n gbà, lẹ́yìn ọ̀gá. Fela kò fẹ́ràn ohun tó gbọ́. Ta ni ì bá fẹ́ràn rẹ̀?

Shina Peters gba ọ̀nà mìíràn. Ace, èyí tó pè ní ìpele kìn-ín-ní Afro-Juju, jáde ní 1989 lábẹ́ CBS Nàìjíríà, Laolu Akins tó jẹ́ onílù ẹgbẹ́ BLO ní àwọn ọdún 1970 ló sì ṣètò rẹ̀. Shina kì í ṣe ọmọ àná nígbà náà: ó ti ta gìtá lẹ́yìn Prince Adekunle, òun àti Segun Adewale sì ti jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó pínyà. Ohun tó ṣe nínú Ace ni pé ó mú ìlù yára títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ fújì, ó gé orin kúrú, ó sì jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù gba iṣẹ́ àwọn gìtá tó wà lẹ́yìn, àwọn tí oníjó kì í fetí sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gángan kò kúrò níwájú. Àwo náà gba ìgboro kan, àwọn oníwèé ìròyìn sọ ariwo náà ní Shinamania, òun náà sì fi orúkọ yìí pe àwo tó tẹ̀lé e ní 1990. Ìyẹn tà, àmọ́ àwọn alárìíwísí kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tó yí ohùn padà lẹ́ẹ̀kan tó sì bọ́ sí i, wọ́n á tún máa retí pé kó yí i padà lọ́dọọdún.

Owó náà wà nídìí ọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń kọ̀wé lórí orin kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Láti 1986 tí ìjọba Babangida ti gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé, náírà ń wó, gìtá, okùn gìtá, sípíkà àti ọkọ̀ tó ń kó ènìyàn 20 lọ sóde sì ń gbówó lórí. Kíbọ́ọ̀dù kan lè dún bíi fèrè, kó dún bíi gìtá, kó dún bíi báàsì, ó sì ń jẹ oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo. Ó dà bí àwàdà, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe di kékeré nìyẹn.

Nínú fújì, ọ̀rọ̀ náà rọ̀ ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Inú orin wéré ni Sikiru Ayinde Barrister ti mú un jáde, Kollington Ayinla mú bàtá wọ̀ ọ́, Wasiu Ayinde tí ayé ń pè ní K1 sì mú kíbọ́ọ̀dù, sàsófóònù àti gìtá wọlé lẹ́yìn àwo rẹ̀ Talazo ti 1984. Àwọn àgbà onífújì bínú díẹ̀. Àmọ́ kí ni oníkíbọ́ọ̀dù fújì ń ṣe gan-an? Ó ń dá olórin lóhùn ní òpin gbólóhùn, ó ń dí àlàfo nígbà tí ọ̀gá bá ń ronú orúkọ ẹni tó kàn, ó ń fi ìka yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kí ohùn lè yọ̀ bí ti fèrè. Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú agbo tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kò gba oúnjẹ lẹ́nu onílù kankan, ó dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ ni, ìbínú náà sì rọlẹ̀. Ọmọ 20 ọdún lónìí gbà pé láti ọjọ́ tí fújì ti wà ni kíbọ́ọ̀dù ti wà níbẹ̀. Nígbà tí Pasuma, onífújì mìíràn, ṣe àwo My World ní 2015, tó bá àwọn ọmọ hip-hop da ohùn pọ̀, sitúdíò ni ìyípadà náà mọ sí. Ní òde, agbo onílù rẹ̀ wà bó ṣe wà, kò sì sẹ́ni tó pè é lẹ́jọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹnì kan wà ní Enugu tí wọn kò bá jà rárá, torí kò ní agbo tí ẹ̀rọ lè tú ká. William Onyeabor ní sitúdíò tirẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo, ó sì gbé àwo mẹ́jọ jáde láàárín 1977 àti 1985. Gìtá àti fèrè ṣì wà nínú Crashes in Love, èyí àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa dé Atomic Bomb ní 1978, synthesizer ti ń gba iwájú, lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ gba ilé náà pátápátá. Kò wá ẹni tó máa yìn ín. Ó di onígbàgbọ́, ó fi orin ayé sílẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ìgbà tí Luaka Bop, ilé iṣẹ́ David Byrne ní New York, ṣà lára orin rẹ̀ jọ ní 2013 ni ayé tó ń béèrè ẹni tó jẹ́. Ó kú ní Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2017.

Ní Àríwá, odidi àṣà orin kan ló pààrọ̀ ohùn, ibẹ̀ ni ìbéèrè wa sì ti le jù. Títí dé ìparí àwọn ọdún 1990, olórin Haúsá tó bá lórúkọ ni ẹni tó ń rìn pẹ̀lú onílù àti elégbè. Mamman Shata ní kàlàngú lẹ́yìn rẹ̀, Barmani Choge ní àwọn obìnrin tó ń bá a lu igbá, Dan Maraya Jos nìkan ló ń dá rìn pẹ̀lú kuntigi rẹ̀ olókùn kan. Ẹni tí wọ́n ń kọrin fún ló ń bọ́ wọn: emir, oníṣòwò, ọ̀gá àgbẹ̀, ajàkadì. Roƙo ni iṣẹ́ náà ń jẹ́ lédè wọn, a sì máa ń jogún rẹ̀ ni, bí àwọn ọmọ Àyàn ti ń jogún ìlù láàárín Yorùbá. Àwọn ọmọ ilé iyì kì í wọ ibẹ̀. Ojú kéékèèké ni wọ́n fi ń wo onílù, bí wọ́n tilẹ̀ ń jó sí i.

Shata kú ní Oṣù Òkúdù 1999. Ní nǹkan bí ìgbà náà ni fíìmù Sangaya jáde ní Kano, orin inú rẹ̀, tí wọ́n fi kíbọ́ọ̀dù ṣe, sì gba gbogbo ilẹ̀ Haúsá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdalla Uba Adamu ti Yunifásítì Bayero ní Kano, ẹni tó ti kọ̀wé jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣàlàyé pé kíbọ́ọ̀dù Yamaha kékeré ni àwọn sitúdíò náà fi bẹ̀rẹ̀, àti pé orin fíìmù Íńdíà ni wọ́n ti mú púpọ̀ nínú ohùn ìbẹ̀rẹ̀ wọn: ọkùnrin kan, obìnrin kan, ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ijó. Láàárín ọdún díẹ̀, orin fiyano ti jáde kúrò nínú fíìmù, ó ti wọ ilé ìgbéyàwó, ọkọ̀ akérò àti ìpàdé òṣèlú.

Iṣẹ́ ta ló wá gbà? Ti gbogbo wọn. Ó gba ti onílù, ó gba ti elégbè, ó gba ti olówó tí wọ́n ń kọrin fún pẹ̀lú, torí ẹni tó ra kásẹ́ẹ̀tì tàbí fíìmù lọ́jà ló wá ń bọ́ olórin. Nǹkan tó sọnù níbẹ̀ yé ọmọ Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Kàlàngú ń sọ̀rọ̀ bíi gángan. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn nínú èdè Haúsá bíi ti tiwa, onílù a sì máa fi okùn fún ohùn mọ́ra títí ìlù á fi pe oyè ènìyàn. Ohùn kàlàngú ń yọ̀ láti òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kíbọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan dúró sójú kan. Orúkọ tí ẹnu olórin kò bá pè nínú orin fiyano, kò sí ohun èlò tó máa bá a pè é.

Síbẹ̀, ẹni tó bá dá orin fiyano lẹ́bi pátá ti ṣi ẹjọ́ náà dá. Ẹ̀rọ náà wó ògiri kan. Ọmọ tí wọn kò bí sílé onílù, tí kò ní kàlàngú, tí kò ní ẹgbẹ́, lè wọ sitúdíò kan ní Kano tàbí Kaduna kó sì di olórin. Àwọn obìnrin rí ọ̀nà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: orin tí àwọn ọmọbìnrin máa ń kọ nígbà eré òṣùpá wọ inú fíìmù, Fati Niger àti Maryam Fantimoti sì di orúkọ tí gbogbo ilé mọ̀. Umar M. Shareef tó jẹ́ ọmọ Kaduna, Ali Jita, Nazifi Asnanic, Hamisu Breaker tí orin rẹ̀ Jaruma tàn ká ní 2020: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìlànà àtijọ́ ì bá gbé délé emir láì bèèrè ilé tí wọ́n ti bí i. Ọgbà náà kò sì fìgbà kan ṣí gbayawu. Ìjọba Kano dá ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù àti orin wò sílẹ̀, nígbà tó sì di 2007, ilé ẹjọ́ ní Kano rán Adam Zango, òṣèré àti olórin, lọ sẹ́wọ̀n lórí àwo Bahaushiya tó gbé jáde láì gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ náà kọjá. Àwọn olórin kan kó ẹrù wọn wá sí Kaduna nítorí irú nǹkan báyìí.

Olówó tí ẹ̀rọ lé jáde sì ti gba ojú fèrèsé wọlé padà. Dauda Kahutu Rarara kọrin fún Buhari nínú ìdìbò 2015, àwọn òṣèlú tó kù sì rí èrè rẹ̀. Àwọn ìdílé ń sanwó kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé kí wọ́n lè gbọ́ orúkọ ìyàwó àti ọkọ nínú orin. Roƙo ni, sitúdíò ló kàn kó lọ. Àwọn ọmọ bíi DJ AB ti Kaduna àti ClassiQ ti Bauchi ń fi Haúsá ṣe ráàpù lórí ìlù kọ̀ǹpútà, àwọn kò sì jẹ kàlàngú ní gbèsè kankan. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni wọn kò lè ṣàárò.

Àwọn tí ẹ̀rọ bí náà ti yí padà rí. Daft Punk, ọmọkùnrin Faransé méjì tí wọ́n ń fi àṣíborí bojú, fi kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìlù ṣe Homework ní 1997 àti Discovery ní 2001. Nígbà tí wọ́n máa ṣe Random Access Memories ní 2013, wọ́n lọ pe ènìyàn: Nile Rodgers sídìí gìtá, Nathan East sídìí báàsì, Omar Hakim sídìí ìlù. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ti ń ṣe fún wọn láti 16 ọdún ni wọ́n dá padà fún àwọn tó ni ín, àwọn olólùfẹ́ wọn kan sì fara ya. Àwo náà gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo tó dára jù lọ lọ́dún náà. Tony Allen, onílù Fela, ṣe èyí tó tún wu etí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 2018, òun àti Jeff Mills, ọ̀gá orin techno láti Detroit, jọ ṣe Tomorrow Comes the Harvest. Mills mú ẹ̀rọ ìlù, Allen mú ìlù tirẹ̀. Ẹni ọdún 78 náà kò jẹ́ kí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ òun. Ó fi í ṣe agogo, ó sì ń lùlù yí i ká.

A dé orí Asake tí a dárúkọ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Mr. Money with the Vibe jáde ní Oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2022, ohùn rẹ̀ dá yàtọ̀ débi pé ọmọdé mọ̀ ọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta: ègbè ńlá tó dún bí ti ìjọ tàbí ti òde fújì, ọ̀rọ̀ Yorùbá ìgboro, àti log drum. Ohùn tó jinlẹ̀ yìí ni àwọn ọmọ amapiano ní Gúúsù Áfíríkà rí nínú FL Studio, ètò orin kan tí ilé iṣẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù ṣe, tí wọ́n sì sọ di ohun àgbàyanu. Magicsticks ló ṣètò púpọ̀ jù lọ nínú àwo Asake yìí. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ gbà níbẹ̀ ni ti báàsì àti ti ìlù ńlá; iṣẹ́ elégbè wà lọ́wọ́ ohùn ènìyàn. Work of Art tẹ̀lé e ní Oṣù Òkúdù 2023 ní ojú ọ̀nà kan náà, wọ́n yan orin tó pè ní Amapiano fún Grammy, ó sì kó èrò kún inú O2 Arena ní London.

Lungu Boy dé ní Oṣù Ògún 2024, ohùn sì yí. Travis Scott, Central Cee, Stormzy, Ludmilla ará Bràsíìlì àti Wizkid wà nínú rẹ̀. Log drum dínkù, ẹ̀mí orin náà rọlẹ̀. Ariwo wá bẹ́: òun kọ́ nìyí, òyìnbó ti gbà á. Wọ́n ń sọ log drum, ìyẹn sì ṣì wọ́n lọ́nà. Log drum kò pé ọdún mélòó kan lọ́wọ́ Asake, àyálò ni, ẹni tó yá a sì lè dá a padà nígbà tó bá wù ú. Ohun tí etí ń ṣàárò nínú apá kan Lungu Boy ni ègbè. Níbi tí agbo ti máa ń gba orin lẹ́nu rẹ̀, àlejò kan ló ń gbà á báyìí, tirẹ̀ ló ń sọ, ó sì ń lọ. Níbi tí ègbè ti wà, àwo náà lágbára. Orin Active lo ohùn láti inú Raise Da Roof tí Jazzman Olofin àti Adewale Ayuba ṣe, àárín rẹ̀ ni Travis Scott jókòó sí, òun sì ni àlejò níbẹ̀. Nínú MMS, Asake àti Wizkid fi ohùn jẹ́jẹ́ ro ọ̀rọ̀ ayé àti ikú, orin náà kò sì nílò agbo kankan. Ìdajì àwo tó kù ló ń wá ẹni tó máa gbè é. Ní ìdájọ́ àgbéyẹ̀wò yìí, Lungu Boy kò tó Mr. Money with the Vibe, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ó ṣe Mr. Money lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, Zaria ni ó sì kàn. Ohùn ìlù inú kíbọ́ọ̀dù tí àwọn olórin Haúsá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ní òkè òkun, fún orin àwọn ará ibòmíràn. Láàárín àwọn tó ń ṣe orin Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà ní Èkó, ọ̀rọ̀ ti ń yí padà: wọ́n ń gba ohùn gángan, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi wọ́n kún inú ètò wọn. Ti kàlàngú kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Ahmadu Bello, tí kò jìnnà sí Dakace, ní ibùdó tó ń ṣèwádìí àṣà Nàìjíríà àti ẹgbẹ́ òṣèré tó mọ ìlù wọ̀nyí dáadáa. Àwọn onílù kàlàngú tó gbó nídìí iṣẹ́ náà ṣì wà ní Zaria, wọ́n sì ń darúgbó. Kí ibùdó náà àti àwọn sitúdíò Kaduna pè wọ́n jókòó, kí wọ́n gba ohùn kàlàngú sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà tó ń gbà yọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ onílù kọ̀ọ̀kan sí i, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ.